Bí ẹ ṣe lè yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ ìkéde ìlera: ohun tí ẹnubodè Ìdírókò àti Ìmẹ̀kọ kọ́ mi

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìdírókò. Ìyá kan tó ń dúró de irun tirẹ̀ sọ pé wọ́n ń bọ̀ wá fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ ilé ọmọ. Ó ní, "Ilé ọmọ, lára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é?" Àyà mi já. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, "abẹ́rẹ́ ilé ọmọ", sínú ìkéde tí rédíò ti ń gbé fún ọjọ́ mẹ́rin.

Abẹ́rẹ́ náà ni èyí tó ń dènà kòkòrò HPV, tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Lọ́dún 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 ló sì pa. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Rédíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Mo wá yọ̀ǹda ara mi fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ àjọ àgbáyé kan láti bójú tó ìkéde ní ìlú ẹnubodè. Àwọn àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ń bi mí bí wọ́n ṣe lè ṣe irú rẹ̀. Ó yá, ẹ gbọ́.

Ọ̀nà àtiwọlé ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ètò olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní UNV, wà láti ọdún 1970, Bonn ní Jámánì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín wọ̀ ọ́, gbájúẹ̀ ni. Iṣẹ́ oríṣi méjì níbẹ̀ ló máa wúlò fún yín. Èyí tí ẹ máa jókòó sílé ṣe lórí kọ̀ǹpútà kì í ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, kì í ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, kò sì ní owó nínú. Èyí tí ẹ máa lọ ṣe níbi tí ọ̀ràn wà ní owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí nǹkan fi hàn. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ sọ nípa ara yín, ẹ má wulẹ̀ kọ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ ènìyàn. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe: ìkéde oníṣẹ́jú kan tí ẹ gbà sílẹ̀, ìwé ìléwọ́ tí ẹ kọ, àwòrán tí ẹ yà. Kí ẹ sì kọ Yorùbá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè iṣẹ́. Ẹni tó lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ n'Ímẹ̀kọ ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n gbà mí.

Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá yín á fẹ́ kí ẹ yára kọ. Ẹ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ ohun tó wà nínú wọn: ìdí ẹ̀rọ ìlọta, ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń pé jọ sí, ilé ìlera lọ́jọ́ àwọn aláboyún. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìwé kékeré yẹn ló gbà mí. Ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ "wọ́n fẹ́ dín wa kù", ìyẹn pé abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ àwọn ọmọ di àgàn, ni gbogbo wa ń múra sílẹ̀ dè. Ìdí wà fún un. Lọ́dún 2003, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró ní Kánò, àrùn náà sì gba ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 kí wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mi, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọ̀rọ̀ ìdínkù yẹn wà. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan ni: "Ọmọ mi ò tíì mọ ọkùnrin, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yìí ṣe?" Ìbéèrè ìyá tó ń ronú ni, kì í ṣe àhesọ. Ó sì ní ìdáhùn: ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà sábà máa ń gbà ràn, ìgbà tí kòkòrò náà kò tíì kan ọmọ lára rárá ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ jù. Mo bínú sí ara mi pé oṣù kan lọ kí n tó fi ìdáhùn yẹn sórí afẹ́fẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ pípè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lo agbára yín jù. Ìwé tí wọ́n kó fún wa láti túmọ̀ pe ibẹ̀ ní ọrùn ilé ọmọ, torí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é nìyẹn. Mo kà á fún bàbá kan n'Ímẹ̀kọ, ó sì ń fọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. A yí i sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá inú ṣọ́ọ̀bù, mo tún ìkéde náà kọ báyìí: "Jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń mú àwọn ìyá wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ ti dé fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni." Ẹ wo ibi tí ilé ọmọ bọ́ sí: ó wà lára àìsàn, kò sí lára abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹnìkan nínú wa fẹ́ kí a fi kún un pé jẹjẹrẹ náà kò ní mú ọmọ yẹn láéláé. Mo kọ̀ jálẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò dènà gbogbo ẹ̀yà kòkòrò náà, obìnrin ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò tó bá dàgbà.

Kí ìkéde tó jáde, ẹ kà á fún èèyàn mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, torí wọ́n á ní ó yé àwọn kí wọ́n má bàa tàbùkù yín. Ẹ bi wọ́n pé, "Tí ẹ bá délé, kí lẹ máa sọ fún ọkọ yín?" Ohun tí wọ́n bá sọ ni ìkéde yín, ohunkóhun yòówù kí ẹ ti kọ.

Àhesọ á dé. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà tí Ebola wà l'Ékòó, ìyá mi jí mi lóru pé kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀. Orí fóònù ló ti kà á. Àwọn kan tó mu ún di èrò ilé ìwòsàn. Mi ò gbàgbé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sáré tó, àti pé ẹni tó fẹ́ràn mi ló gbé e wá. Nítorí náà, ẹ má bú ẹni tó gbé àhesọ wá. Òótọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó mẹ́nu kan irọ́ náà, tí ó bá tilẹ̀ pọn dandan. Ojú ọ̀nà tí irọ́ gbà wá ni kí òótọ́ gbà lọ. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp, kí nọ́ọ̀sì tí ìlú mọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohùn mi dán lórí rédíò, ṣùgbọ́n ohùn mátírọ́ọ̀nù tó gbẹ̀bí ọmọ wọn ni wọ́n gbà gbọ́.

Ní ilé ìwé kan, ọmọ kan dákú lórí ìlà. Kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó jí láìpẹ́, àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti ní ó kú. Ohun tó gbà wá ni pé nọ́ọ̀sì ti lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé ká tó kọ ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Láti ọjọ́ náà, a ń kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé tó ń lọ sí ilé ìwé pé kí ọmọ jẹun wá, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àti pé apá lè dùn ún, ara sì lè gbóná díẹ̀. Ohun tí òbí bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í já a láyà.

Ẹnubodè ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ ọba Kétu, ìlú Yorùbá tó bọ́ sí apá Benin, kí àwọn òyìnbó tó fa ààlà, ẹbí kan náà ló wà ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin títí di òní, rédíò wa ò sì mọ ààlà. Ẹ máa dárúkọ ìpínlẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ nínú gbogbo ìkéde, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Fọ́tò: ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó ya ọmọ, ẹ sọ ibi tí àwòrán náà ń lọ, kí ẹ sì pa á rẹ́ tí wọ́n bá yí ọkàn padà. Ẹ má ya ọmọ tó ń sunkún. Ìròyìn oṣù fún àwọn ọ̀gá: ojú ìwé méjì tó, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé kékeré yín sì wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ lọ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín nígbà tí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yín ṣì wà níjókòó. Kí ẹ wá jókòó ti òṣìṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ka ìwé kékeré náà fún un láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún un. Tèmi gbà wá ní ọ̀sán méjì gbáko, ó sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá Ìdírókò.