Bí mo ṣe rí ojúlówó báàsì nínú ọkọ̀ mi

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni subwoofer 12 inch mi, sípíkà ńlá inú búùtù tó wà fún báàsì nìkan, fi ń dún bí ẹni ń lu páálí. Ohùn akọrin pàápàá ń jáde láti inú búùtù! Bí mo bá yí gain (ibi tí a ti ń ṣètò bí amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ṣe máa gbé ohùn tó ń wọ inú rẹ̀ ga tó) sókè, ariwo lásán ló ń pọ̀ sí i.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ amplifier ni mo rí i: bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ LPF (asẹ́ tó ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ nìkan kọjá), OFF àti HPF (asẹ́ tó ń jẹ́ kí ìró òkè nìkan kọjá) sí, OFF ló wà. Kò sí asẹ́ kankan, gbogbo ohùn pátá ló ń wọ subwoofer. Mo tì í sí LPF, mo yí i sí 80 Hz (Hz ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀ sí). Mo pa LPF ti rédíò, torí asẹ́ méjì lórí ara wọn máa ń gé ohùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi HPF 80 Hz sí àwọn sípíkà ilẹ̀kùn.

Síbẹ̀, báàsì ń sá níbi ìjókòó dírẹ́bà. Mo pààrọ̀ wáyà subwoofer, plus bọ́ sí ojú minus. Kíá ni báàsì orin jùjú dé iwájú, tó ń mi àyà mi tìtì. Subwoofer àti sípíkà ilẹ̀kùn ló ti ń ta ko ara wọn láti ọjọ́ yìí: bí ọ̀kan ṣe ń tì, ìkejì ń fà.

Àpótí mi ní ihò, nítorí náà mo fi subsonic, asẹ́ tó ń gé ìró tó lọ sílẹ̀ jù, sí 28 Hz. Bí ìró bá lọ sílẹ̀ jù nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn kì í di kóònù (ojú sípíkà tó ń mì) mú mọ́, sípíkà náà sì lè bàjẹ́.