Ẹja ló bá mi jẹ aràn tán nínú táńkì omi iyọ̀ mi n'Ífẹ̀

Ẹni tó ta iyùn òkun (ẹ̀dá abẹ̀mí ni o, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) fún mi l'Ékòó kò sọ pé aràn wà lára rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn, nítorí owó tí mo ná kí n tó rẹ́yìn aràn náà ju owó iyùn fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Pálọ̀ mi ní Paràkín ni táńkì náà wà. Òkun jìnnà sí Ifẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹja òkun ni mo ń pò mọ́ omi, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Ẹni tó bá ti ń sin irú ẹja yìí mọ ìyẹn, n kò ní í fi falẹ̀. Èyí tí n kò rí rí ni àwọn nǹkan pẹlẹbẹ, pupa rúsúrúsú, tí ìdí wọn yọ ṣóńṣó, tí wọn kò tó hóró ìrẹsì, tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó lẹ̀ mọ́ iyanrìn, tó wá bo iyùn mi mọ́lẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi dé ara rẹ̀ mọ́. Wọn kì í wá akọ wá abo kí wọ́n tó bí sí i. Lára ọ̀kan ni òmíràn ti ń yọ.

Oògùn wà tó ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n bí púpọ̀ wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, májèlé inú wọn á dà sínú omi, á sì pa ẹja. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé ohun tó máa jẹ wọ́n ni mo máa wá. Ìgbín òkun kan wà tí ìkarahun rẹ̀ kò hàn síta, Chelidonura varians, irú aràn yìí nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí aràn bá tán, ebi ni yóò pa á kú, n kò sì lè ra ẹ̀dá kan wálé kí ebi lè pa á. Ẹja kékeré kan tó máa ń jẹ irú aràn yìí, six-line wrasse, ni mo yàn. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ẹja yẹn ti ń wá, kò sí i nínú òkun tiwa, àfi lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹja wọlé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti dé. Mo sanwó fún ọmọkùnrin kan l'Ékòó, ó ní òun máa fi í ṣe wébíìlì. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, “Àǹtí, ó ń bọ̀” ni mò ń gbọ́. Nígbà tó wá dé Mayfair n'Ífẹ̀ níbí, inú ọ̀rá lásán ni, kò sí kúlà, omi ti gbóná. Mo gbé ọ̀rá náà sókè sójú iná: ìlà dúdú kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sí ìrù. Six-line jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ìlà mẹ́fà ló gùn lára rẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni ìrù rẹ̀. Èyí tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní cleaner wrasse, tó ń ṣa kòkòrò jẹ lára ẹja mìíràn. Kí ló kàn án pẹ̀lú aràn orí iyùn?

Mo pè é. “Àǹtí mi, wrasse kan náà ni gbogbo wọn.” Irọ́ ni! Ó ní kí n dá a padà, kí n sì san owó ọkọ̀. Ẹja tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú ọ̀nà, kí n tún dì í sọ́kọ̀? Mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ń jẹ edé wínníwínní. Ọmọkùnrin yìí bá ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti gbà á, mo ti rà á nìyẹn, kí n san owó mìíràn fún six-line. Mo san án, nítorí aràn kò dúró dè wá. Ṣùgbọ́n kó tó rí kọ́bọ̀ gbà, mo ní kó ya fídíò ẹja náà, kó kọ orúkọ mi sórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Lọ́tẹ̀ yìí kúlà ló fi gbé e. Táyà ọkọ̀ tún bẹ́ ní ìtòsí Ìkirè, ilẹ̀ ti ṣú kí dẹrẹ́bà tó já sí Mayfair. “Mọ̀mí, n kò fi sí búùtù o,” ló kọ́kọ́ sọ. Mo fún un lówó omi, ó tọ́ sí i.

Mo ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọ̀pọ̀ aràn jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹja tó dé, mo sì ti kó èédú tó ń sẹ́ omi sínú fíltà nítorí májèlé. Ẹja náà kọ́kọ́ sá sábẹ́ òkúta. Nígbà tó jáde, mo fà àga sún mọ́ gíláàsì. Á dúró sójú kan, ojú rẹ̀ nìkan á máa yí, á ṣá aràn kan, á tu ú, á tún ṣá a, á gbé e mì, á sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gíláàsì fi mọ́ tónítóní, tí iyùn sì tún tanná.

Ẹ má ra six-line lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi hàn yín pé ẹja náà ń ṣá nǹkan jẹ lára òkúta, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ aràn. Ó lè gbóná mọ́ ẹja tuntun, nítorí náà òun ni kó wọ táńkì kẹ́yìn. Tí àwọn ẹja yín bá jẹ́ onísùúrù, melanurus wrasse tutù jù ú lọ, àmọ́ ó nílò iyanrìn tí yóò máa wọ̀ sùn. Iyùn tuntun yòówù kẹ́ ẹ rà, inú táńkì mìíràn ni kó ti kọ́kọ́ gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ sì máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ.