Orúkọ column tí ẹ kò mọ̀ ṣáájú: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹni tó bá ń ṣe áàpù fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n'Ìbàdàn kò ní pẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ẹgbẹ́ kan ní Bódìjà pe column rẹ̀ (òpó kan nínú table, ìyẹn tábìlì tí dátábéèsì ń kó ìsọfúnni sí) ní owo_osu, ti Mọ́kọ́lá kọ ọ́ ní "Owó Oṣù", ó sì tún fi "Ọjọ́ Ìsanwó" kún un. Áàpù kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ lò.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ gba orúkọ column lọ́wọ́ ẹni tó ń lo áàpù, kí ẹ sì so ó mọ́ SELECT (àṣẹ SQL tó ń mú ìsọfúnni jáde) tàbí ORDER BY (èyí tó ń tò ó) bẹ́ẹ̀. Olè kò ní tẹ orúkọ column síbẹ̀. Query tirẹ̀, ìyẹn àṣẹ sí dátábéèsì, ni yóò tẹ̀, dátábéèsì yóò sì ṣe ohun tó wí. Owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá lóṣooṣù ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn kan gbà pé àmì ìbéèrè (?) inú query, èyí tó ń di àyè mú fún ohun tí ènìyàn bá tẹ̀, ti dáàbò bò wọ́n. Iye nìkan ni àmì yẹn ń gbé, kì í gbé orúkọ. Ẹ kọ ORDER BY ? ní MySQL, kí ẹ fi "gbese" sí i: kò ní bínú, kò sì ní to nǹkan kan, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ló rí.

Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. Oríṣi dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń to orúkọ column rẹ̀ sí: PostgreSQL, MySQL àti SQL Server ní information_schema.columns, SQLite ní PRAGMA table_info. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ pàápàá, ẹ yọ àwọn bíi PIN kúrò nínú ohun tí ènìyàn lè bèèrè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lo quote_ident ní PostgreSQL, tàbí QUOTENAME ní SQL Server, láti fi àmì yí orúkọ náà ká kí dátábéèsì lè kà á sí orúkọ. Ẹ má gbára lé àmì yíyí orúkọ ká nìkan o: bí ẹ bá ṣi "gbese" kọ sí "gbsee" ní SQLite, ó lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, kí "gbsee" sì jáde ní gbogbo ìlà.

Èyí tó ń yọ àwa Yorùbá lẹ́nu jù ni àmì ohùn. Lẹ́tà ọ́ tó parí "Ọjọ́" kò ní kóòdù kan ṣoṣo ní Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní kóòdù. Kíbọọ̀dù kan á tẹ ọ, á wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á tẹ ó, á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, kóòdù yín mọ̀ ọ́n, yóò sì ní column náà kò sí. Ẹ yí orúkọ inú table àti èyí tí wọ́n bèèrè sí NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tí Unicode fi ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.