Kọ̀ǹpútà ò gbóhùn yín? Máíìkì lè má bàjẹ́ o

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ ra máíìkì tuntun, ẹ gbọ́ tèmi ná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹ́ fi Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, gba ohùn ìpolówó ọjà fún kọ́sítọ́mà kan, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, ìlà tó ń fi ohùn hàn kàn ń lọ gbọọrọ ni, kò gbéra sókè rárá, mo yọ wáyà mo tún kì í padà, mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń dùn mí, àṣé Windows ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Windows 11 lèmi ń lò. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Privacy & security, ẹ wá Microphone nísàlẹ̀, tó bá jẹ́ Windows 10 ni, Privacy lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tan Microphone access, ẹ tan Let apps access your microphone. Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: ẹ máa rí orúkọ àwọn áàpù tó wá láti Microsoft Store, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹ̀, ẹ ó wá ti Audacity títí, ẹ ò ní rí i. Kò ní tiẹ̀ ni, torí ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní desktop apps, irú èyí téèyàn máa ń gbà fúnra ẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò, ìsàlẹ̀ ló wà, Let desktop apps access your microphone. Òun gan-an ni wọ́n pa lórí tèmi! Ẹ tàn án, ẹ pa Audacity, ẹ tún un ṣí.

Tó bá jẹ́ inú Chrome lẹ ti ń gbohùn, àṣẹ tiẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ Block fún sáìtì kan, kò ní bi yín mọ́, ẹ tẹ àmì kékeré tó wà lápá òsì àdírẹ́ẹ̀sì lókè, ẹ tan Microphone, ẹ rílóòdù. Sáìtì tí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ kò bá fi https bẹ̀rẹ̀, Chrome ò ní fún un ní máíìkì, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kí àjèjì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, láti ẹ̀dà macOS tó ń jẹ́ Mojave, ti 2018, ló ti ń béèrè àṣẹ kí áàpù tó lo máíìkì: ẹ wọ System Settings, Privacy & Security, Microphone, ẹ tan bọ́tìnnì áàpù yín, ẹ wá pa áàpù náà fúnra ẹ̀, ẹ tún un ṣí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá wà ní títàn tí kò ṣì gbọ́, ẹ wo Input nínú Sound tó wà nínú Settings, ó lè jẹ́ máíìkì míì ló mú. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù náà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ThinkPad ló ní àwòrán máíìkì lórí F4, tí iná ẹ̀ bá ń tàn, wọ́n ti pa máíìkì nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.