Bí A Ṣe Lè Fi Ṣọ́ọ̀kì Ṣàlàyé Àmì Mítáìlì, Ìyípadà àti Àtúnṣe DNA

Ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìkòròdú, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín pé kí ló dé tí ibì kan nínú DNA fi máa ń yí padà ju ibòmíràn lọ, pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì funfun àti ṣọ́ọ̀kì pupa tí ẹ rà ní Sábó ti tó láti fi hàn án, kódà bí kò bá sí iná.

Ẹ kọ lẹ́tà DNA wọ̀nyí, AATCGTA, kí ẹ sì kọ TTAGCAT sí abẹ́ rẹ̀ bíi fọ́nrán kejì, lẹ́tà sábẹ́ lẹ́tà: A máa ń dojú kọ T, C sì máa ń dojú kọ G. Ẹ fi àmì pupa sórí C tí G tẹ̀ lé lókè, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún C ti ìsàlẹ̀, èyí tí G tẹ̀ lé bí a bá kà á láti ọ̀tún sí òsì. Mítáìlì, ìdìpọ̀ átọ́mù kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà DNA, ni àmì náà. Àwọn ẹ́ńsáìmù DNMT3A àti DNMT3B ló ń fi í síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. DNMT1 ní tirẹ̀ ń fi í sára fọ́nrán tuntun nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe àdàkọ DNA rẹ̀.

Ẹ wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan nu C alámì tó wà lókè, kó fi T rọ́pò rẹ̀, nítorí T gan-an ni C alámì máa ń dà bí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá já ẹ̀ka amínì rẹ̀ kúrò. Kí ẹ tó ṣàlàyé, ẹ bi kíláàsì pé nínú T àti G tó dojú kọ ara wọn, èwo ni àṣìṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀ dáadáa, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà: T jẹ́ ojúlówó lẹ́tà DNA, kò sì jọ àlejò. C tí kò lámì ń di U ní tirẹ̀, U kò sì sí lára lẹ́tà DNA, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńsáìmù UNG fi ń tètè dá a mọ̀ tí ó sì ń yọ ọ́. TDG àti MBD4 ló ń yọ T tó dojú kọ G, ṣùgbọ́n bí àdàkọ bá ṣáájú wọn, ọ̀kan nínú DNA tuntun méjèèjì yóò di AATTGTA lórí TTAACAT, kò sì ní sí àléébù kankan tí ẹ́ńsáìmù àtúnṣe lè rí mọ́. Kódónì (ìtò lẹ́tà mẹ́ta) 175, 248 àti 273 nínú TP53, jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, tí ìyípadà wọn wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ, jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi fòníkú-fọ̀ladìde ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù, nítorí A ló di T níbẹ̀.

Mítáìlì tún lè ran àtúnṣe lọ́wọ́. Nínú bakitéríà E. coli, ẹ́ńsáìmù Dam ń fi í sórí A nínú GATC, ṣùgbọ́n fọ́nrán tuntun kì í ní àmì yìí lójú ẹsẹ̀. Bí prótéènì àtúnṣe tó ń jẹ́ MutS bá rí àṣìṣe, èkejì rẹ̀, MutL, a darapọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀kẹta, MutH, a sì gé fọ́nrán tí kò lámì, nítorí òun ni tuntun tí àṣìṣe wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ lórí àtúnṣe yìí ló mú kí Paul Modrich wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́místírì ní 2015. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn kò ní MutH.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ MLH1, jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ MutL lára wa. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ìfun ńlá kan, mítáìlì kún ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì yìí débi pé ó dákẹ́, àtúnṣe dúró, àṣìṣe sì ń pọ̀ sí i káàkiri DNA, láìjẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú MLH1 fúnra rẹ̀.