Ẹsẹ̀ Wíwú Lára Ẹni Tó Ní Gẹ̀gẹ̀ Tàbí Àìsàn Táírọ̀ìdì

Bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá wú, ohun tí ará ilé sábà máa ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: ó ti dúró jù lóko, ó tẹ nǹkan, tàbí jàbùtẹ́ ti dé. Ẹni tí kò bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ á sáré lọ ra oògùn tí ń mú ni tọ̀ ní kẹ́míìsì. Ilé tí ẹnì kan ti ní gẹ̀gẹ̀, tàbí tí dókítà ti sọ pé táírọ̀ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, la kọ ìwé yìí fún. Ẹsẹ̀ tiwọn lè wú lọ́nà tí oògùn ìtọ̀ kò ní kápá.

Táírọ̀ìdì ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò; bí ó bá wú, òun là ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Hòmóònù, ìyẹn èròjà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti bí ọkàn ṣe ń lù.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá fi ìka rá ojú ibẹ̀ lọ, torí kòtò tí ojú kò rí, ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jìn tí kò tètè kún, omi ló dúró síbẹ̀. Ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí oyún ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Bí awọ bá ta padà, tó le, táírọ̀ìdì lè wà nídìí ẹ̀. Nígbà tí hòmóònù bá dín kù, èròjà kan tó ń fa omi mọ́ra máa ń kó jọ sábẹ́ awọ. Ó dà bí gààrí tó ti mu omi tán tó wú: omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dà á jáde mọ́. Ìdí rèé tí oògùn ìtọ̀ kò fi ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò kì í ṣe dókítà o. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà ni.

Táírọ̀ìdì tó lọ́ra kì í mú ẹsẹ̀ nìkan. Ìpéǹpéjú á wú láàárọ̀, ohùn á há, òtútù á máa mú ẹni náà nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, ìgbẹ́ á le, á sì máa tòògbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò pé ogbó ló ń ṣe ìyá wọn.

Táírọ̀ìdì tó ń sáré jù yàtọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á ni àìsàn Graves, níbi tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ti ń ti táírọ̀ìdì ṣiṣẹ́ jù: ẹni náà á máa jẹun, á sì máa rù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ojú lè yọ síta. Lára díẹ̀ nínú wọn, awọ iwájú ojúgun á nípọn, á yọ kókó, ihò irun á là gbàǹgbà. Ó lè yọjú kódà lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti mú kí táírọ̀ìdì lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á wá ní oògùn òyìnbó ló fà á. Òun kọ́. Sìgá ń mú un le sí i. Bí àìsàn yìí bá pẹ́ láìtọ́jú, ọkàn lè rẹ̀, omi gidi á sì sọ̀ sí ẹsẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ TSH, èyí tó ń fi bí táírọ̀ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fún yín ní levothyroxine, oògùn tó ń dípò hòmóònù tó dín kù, omi lásán ni kí ẹ fi lò ó láàárọ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹun. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ (iron), irú èyí tí wọ́n ń fún aláboyún, gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí 4. Ẹ má retí pé ẹsẹ̀ á fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó ń lo carbimazole, oògùn tó ń dẹwọ́ táírọ̀ìdì tó ń sáré jù, tí ibà àti ọ̀fun dídùn dé, kí ó dá a dúró, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wú, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì tó ń dunni, tó gbóná, tàbí tí èémí kò délẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Ní ti ìdáná, iyọ̀ tó ní áyódìn, èròjà tí táírọ̀ìdì fi ń ṣe hòmóònù, ni kí ẹ rà, kí ẹ dé e dáadáa, kí ẹ sì bù ú sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ láfún àti fùfú kan dáadáa, torí májèlé inú rẹ̀ ń dí áyódìn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí táírọ̀ìdì rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ra oògùn áyódìn lò. Àpọ̀jù rẹ̀ náà ń da táírọ̀ìdì rú.