Ẹ̀jẹ̀ màlúù ò le gbà, enzyme ló fẹ́ pa mí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Enzyme mẹ́ta péré tí mo fi ń gé DNA màlúù nínú ìwádìí mi, RsaI, HaeIII àti BstYI, omi tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ò tó èyí tí wọ́n ń kán sí ojú tó ń dunni, owó wọn wá ju gbogbo owó mọ́tò, abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ àwọn tó bá mi di ẹran mú lọ. Ìgbà tí mo béèrè iye ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí 460 náírà. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó buwọ́ lu owó, ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là ti kọjá 700, éjẹ́ǹtì ní iye àná ti lọ pẹ̀lú àná. Èmi ni mo fi owó ara mi dí i.

Jíìnì kan, ìyẹn ibì kan lára DNA, tó ń jẹ́ BoLA-DRB3 ni mò ń wá, orí chromosome 23 màlúù ló wà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbé ègé kékeré lára kòkòrò àrùn síta kí àwọn ọmọ ogun ara lè rí i kí wọ́n sì dá a mọ̀. Oríṣi ẹ̀ tí wọ́n ti rí lágbàáyé ti lé ní 300, èyí tí ẹran kan bá sì jogún wà lára ohun tó ń sọ irú àrùn tó lè bá wọ̀yá ìjà. Ní erékùṣù Martinique, wọ́n yẹ jíìnì yìí wò lára màlúù Brahman, wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ní oríṣi tí dermatophilosis, àrùn awọ ara tó ń fa èépá, máa ń tètè mú bímọ mọ́, láàárín ọdún 5 péré, àrùn tó ń mú 76 nínú 100 wá ku 2. Ìyẹn ló wọ̀ mí lójú. Ẹni tó bá ti rí màlúù Fúlàní funfun tí èépá bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ lásìkò òjò, tí eégbọn tún lẹ̀ mọ́ ọn, á mọ ohun tí mò ń sọ, Mútúrù tiwa tí kò ní iké ò sì kí ń sábà ní in bẹ́ẹ̀.

Gbígba ẹ̀jẹ̀, yíyọ DNA, PCR tí wọ́n fi ń sọ ègé DNA di púpọ̀, mi ò ní fi ìyẹn gùn yín. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni EDTA àti heparin, ẹ ṣáà lo ìgò EDTA tó ní ìdérí elésè àlùkò, ẹni tó bá fún yín ní ti heparin ẹ dá a padà, heparin máa ń ba PCR jẹ́. Ẹ má sì fojú kékeré wo Mútúrù nítorí pé ó kúrú o, ọkùnrin méjì ló gbá ṣubú níṣojú mi.

Ọ̀rọ̀ enzyme gan-an nìyí. Ìwọ̀n òtútù -20°C ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé láàbù. Ó balẹ̀ sí ẹ́pọ́ọ̀tù, wọ́n ní ìwé kan kù. Mo gbé ìwé lọ, wọ́n ní lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ bóyá oògùn ni àbí kẹ́míkà, mo ní kì í ṣe oògùn, nǹkan tí wọ́n fi ń gé DNA ni, ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ wò mí bíi pé mo fẹ́ gé òun. Mo padà lọ gba lẹ́tà tuntun. Ní gbogbo ìgbà yẹn dry ice, yìnyín gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú un tutù, ń tán lọ ní tiẹ̀. Mo pe éjẹ́ǹtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì dì?"

"Àbúrò, fọkàn balẹ̀, a ti gbé e sínú fíríìjì."

Fíríìjì kẹ̀! Ìgbà tí mo débẹ̀, páálí mi wà láàárín ìgò mínírà àti omi inú ọ̀rá, ẹnì kan tiẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ ẹ̀ lé e lórí. Mo tọwọ́ bọ inú páálí, kò sí dry ice kankan mọ́, àwọn ìgò yẹn kàn tutù lásán. Wọ́n tún gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ mi. Ìtọ́jú wo?

Kí n tó fi nǹkan mi ṣòfò, lambda DNA, DNA fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n máa ń fi dán enzyme wò, ni mo fi dán wọn wò, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó gé e. RsaI gé, HaeIII gé, BstYI ò gé nǹkan kan, mo sì gbé e sí ooru 60°C gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ o, kì í ṣe 37°C bíi ti àwọn yòókù. Ó ti kú. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọ̀rẹ́ mi kan ní láàbù míì fún mi ní díẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo wo gel, ohun tó ń ya ègé DNA sọ́tọ̀ sí ìlà bí wọ́n ṣe gùn tó, ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀. Ègé tí mo sọ di púpọ̀ nínú PCR gùn tó lẹ́tà DNA 284, enzyme á gé e síbi tó bá ti rí ọ̀rọ̀ tiẹ̀, RsaI ń wá GTAC, HaeIII ń wá GGCC. Tẹ́ ẹ bá ro gígùn àwọn ìlà tó jẹ́ ti ẹran kan pọ̀ tó sì ju 284 lọ, oríṣi méjì tó yàtọ̀ ló gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ẹ̀, irú ẹran bẹ́ẹ̀ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dá kòkòrò tó pọ̀ sí i mọ̀. Èyí tó tiẹ̀ bá kéré gan-an ò ní hàn lórí agarose tí wọ́n fi ṣe gel náà, torí náà bí àròpọ̀ bá dín díẹ̀, ẹ má pariwo. Mo jókòó tì í, mò ń kà á láti ẹran dé ẹran, ebi ò pa mí.

Tó bá jẹ́ òní ni, mi ò ní ra enzyme kankan, mà á kó owó yẹn fún àwọn tó ń ka DNA tààrà, torí RFLP, ọ̀nà fífi enzyme gé yìí, kì í rí gbogbo ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ parí ìwé yín kí wọ́n tó gbé e, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí èyí tó bá balẹ̀ ní Fúráìdeè, inú fíríìjì mínírà yẹn ló máa sùn sí di Mọ́ńdè.